Ààwẹ̀ Tí A Gbà fún Ìyá Mi

Egungun ẹja ló gún ìyá mi lẹ́sẹ̀ nídìí ààrò tó ti ń yan ẹja ní Ajído. Ìtọ̀ ṣúgà ti ń bá a jà fún ọdún mélòó kan, nítorí náà ọgbẹ́ kékeré yẹn kò jinná. Nígbà tí a fi gbé e dé ilé ìwòsàn, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì ti dúdú. Dókítà ní wọn yóò gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún, ṣùgbọ́n ṣúgà ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wálẹ̀. Kò sí ibùsùn títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n sì kọ́ mi bí n ó ṣe máa gún un lábẹ́rẹ́ nílé.

Nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé, "Tó o bá ti gún un tán, kó jẹun. Má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́, kí ṣúgà ara rẹ̀ má baà wálẹ̀ jù."

Èmi ni mo lọ bẹ ìjọ. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ wa ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ pé bí nǹkan bá le, ààwẹ̀ là ń gbà. Ìyá ìjọ, tó dàgbà ju ìyá mi lọ, kéde ọjọ́ mẹ́ta, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Àwọn obìnrin kan nínú ìjọ tún ń bá ìyá mi yan ẹja rẹ̀ kó má baà bàjẹ́, nínú èéfín yẹn, láìfi omi kan ẹnu. Láràárọ̀ ni mò ń ka orúkọ wọn fún un kí inú rẹ̀ lè dùn.

Bí mo bá ti gún un lábẹ́rẹ́, n ó gbé àkàsà àti ẹja sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, n ó sì lọ gbàdúrà. Bí mo bá padà dé, abọ́ á ti ṣófo.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, mo bá a tí òógùn ti rin aṣọ ibùsùn gbingbin. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò mọ̀ mí. Mo ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ ibùsùn ni mo rí ike kan tó ní ìdérí. Oúnjẹ ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú rẹ̀, ó ti kan. Mo fi ṣúgà pa á létè, a sì fi ọ̀kadà gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọjọ́ kejì kó tó mọ ènìyàn. Ìyá ìjọ dúró tì í.

"Ta ló ní kó o gbààwẹ̀?"

"Ẹ má bínú, mà. Gbogbo yín ń febi pa ara yín nítorí mi, kí èmi wá jókòó máa jẹ àkàsà? Ojú ló tì mí."

"Ìwọ tó o máa ń tọ́ ẹja wò kó tó jinná. Ọjọ́ tó yẹ kó o jẹun gan-an lo wá di wòlíì."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín díẹ̀. Èmi kò lè rín in.

Láti ọjọ́ náà, lójoojúmọ́, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ìjọ á máa wá lọ́sàn-án pẹ̀lú oúnjẹ tirẹ̀, á jókòó síwájú rẹ̀, kò sì ní fọwọ́ kan abọ́ àfi bí ìyá mi bá kọ́kọ́ gbé òkèlè kan mì. "Bí ẹ ò bá jẹ, èmi náà ò jẹ," ni wọ́n ń wí.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ojú ibi tí wọ́n gé kọ̀, kò jinná. Ó lo ọ̀sẹ̀ méje sí i. Àwọn obìnrin yẹn kò pa ọjọ́ kan jẹ.

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, kò lè gbé nǹkan kan mì mọ́. Ìyàwó apẹja kan ni ó kàn. Ó gbé abọ́ lé itan, kò jẹun.

"Jẹ ẹ́," ni ìyá mi wí.

Ó jẹ ẹ́ tòun tẹkún, títí abọ́ fi mọ́. Ìyá mi ń wò ó. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyá mi ti dákẹ́.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí àwọn obìnrin wọ̀nyẹn. Mo ṣì ń gbààwẹ̀ fún aláìsàn. Ṣùgbọ́n n kì í jẹ́ kó mọ̀.