Ọṣẹ Ni: Ọ̀rọ̀ Ìdágbére Sí Ẹ̀gbọ́n Mi, Adébísí

Háà! Ẹ̀gbọ́n mi, ó wá dìgbà náà nìyí? Adébísí, ọmọ ìyá mi, ẹni tó pọ̀n mí n'Íjẹ̀bú, tó tún ránṣẹ́ pè mí wá sí Barking ní London níbí, ẹ ti lọ, ẹ fi mí sílẹ̀ sáàárín àwọn ará ìjọ tí ẹ mọ̀ pé n kò lè fara dà. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tútù. Ọ̀rọ̀ tútù ti tán nílé mi.

Kí ẹni tí kò mọ̀ yín lè gbọ́: àwọn èròjà tó ń tàn ni iṣẹ́ yín. Ohun tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ ni ẹ ń pò nínú yàrá ìwádìí, tó jẹ́ pé bí iná bá kàn án, òun náà á tàn. Ẹ fẹ́ kó lè lẹ̀ mọ́ jẹjẹrẹ nínú ara, kí dókítà rí ibi tí yóò gé àti ibi tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Òmíràn wà tó gbé oògùn sínú, tí kì í ṣí àfi bí ìmọ́lẹ̀ bá bà lé e. Nítorí náà ni ẹ fi ń fi fọ́ìlì wé gbogbo ìgò yín. Mo máa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé móínmóín lẹ lọ ń sè. Ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó ní, "Fúnmi, móínmóín tèmi, if you open am, ó ti bàjẹ́ nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ kan kì í kúrò lẹ́nu yín: "Ìmọ́lẹ̀ kì í purọ́, ẹni tó gbé àtùpà dání ló ń purọ́." N kò mọ̀ pé ẹ ó sọ ọ́ di ìjà lọ́jọ́ kan.

Ọjọ́ ìsìn ìwẹ̀nùmọ́ ni. Wòlíì ìjọ wa ní kí wọ́n pa iná ṣọ́ọ̀ṣì. N kò ní í pè é ní "wọn" nínú ìwé yìí, ẹ jẹ́ kó bínú. Ó tan iná elése àlùkò kan, sùtánà funfun wa bá bẹ̀rẹ̀ sí í tàn yòò. Ó ní ògo ni, pé ara ẹni tó mọ́ ló ń tàn. Gbogbo wa la tàn, àfi Màmá Àbẹ̀kẹ́ tó ń gbé ní Eastbrook. Wòlíì ní ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Ìyá àgbàlagbà bú sẹ́kún lójú gbogbo ìjọ.

Ẹ̀yin lẹ dìde. "Excuse me sir, ọṣẹ ni o. Washing powder tí gbogbo wa ń lò ní èròjà tó ń tàn nínú, kí aṣọ lè funfun. Fúnmi ló rà tèmi ní ọjà Vicarage Field. Ọṣẹ dúdú ni Màmá fi fọ tiwọn. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan níbẹ̀, sir."

Èmi ńkọ́? Mo fa aṣọ yín pé kẹ́ ẹ jókòó. Ojú tì mí nítorí yín. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ forí jì mí.

Wọ́n ní ẹ tàbùkù sí Ẹ̀mí Mímọ́. Wọ́n ní kẹ́ ẹ bọ́ sùtánà, kẹ́ ẹ máa jókòó lẹ́yìn títí ẹ ó fi kúnlẹ̀ bẹ Wòlíì. Ẹ kò bẹ̀ ẹ́. Ẹ wọ káádígan, ẹ jókòó sẹ́yìn, ohùn yín sì ń ròkè ju ti akọrin lọ, títí àìsàn fi dá yín dùbúlẹ̀. Nínú gbogbo alàgbà ìjọ náà, ta ló wá kí yín lórí bẹ́ẹ̀dì? Màmá Àbẹ̀kẹ́ nìkan ló ń gbé ọbẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì wá.

Ohun kan ṣoṣo lẹ bẹ̀ mí kẹ́ ẹ tó dákẹ́: "Fúnmi, má jẹ́ kí wọ́n sin mí láìwọ sùtánà mi." Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, alàgbà kan pè mí lórí fóònù. "Sister Fúnmi, kí family kàn wá kúnlẹ̀ fún Daddy Wòlíì, just five minutes. Otherwise, no sùtánà o." Ẹ wo ẹnu! Mo sunkún lọ́jọ́ náà, torí pé n kò fẹ́ já yín kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

N kò kúnlẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹ̀bá itẹ́ òkú la ti ń ṣe ìsìn yìí, tí kì í ṣe inú ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Sùtánà yín sì wà lọ́rùn yín. Màmá Àbẹ̀kẹ́ ló fọ̀ ọ́ nínú balùwẹ̀ mi, wọ́n fọwọ́ ara wọn fọ̀ ọ́ ní àfọ̀túnfọ̀ kí èròjà tó ń tàn lè kúrò lára rẹ̀, ọṣẹ dúdú ni wọ́n sì lò.

Kí Wòlíì gbé iná elése àlùkò rẹ̀ wá, kó tàn án sí pósí yìí. Aṣọ yín kò ní í tàn. Ó mọ́ ni.

Ẹ sùn re o, ọmọ ìyá mi.

Àbúrò yín,
Fúnmiláyọ̀