Sẹ́ẹ̀lì Ọlẹ̀, Sẹ́ẹ̀lì Ọ̀lẹ

Tíṣà bàọ́lọ́jì ni mí ní Agége nígbà tí ìjọba alágbádá ṣì kéré lọ́jọ́ orí, tí ẹnikẹ́ni tó bá ti mọ ẹnì kan ní Aláúsá, ibùjókòó ìjọba Èkó, ń retí ipò. Èmi ò retí ipò o. Ètò sáyẹ́ǹsì lórí rédíò kan ní Àgídìngbì ni mo ń lé. Ọ̀gá wọn ní kí n wá ṣe é lẹ́ẹ̀kan ná. Bí àwọn olùgbọ́ bá fẹ́ràn mi, ètò di tèmi.

Mo kọ ọ̀rọ̀ lórí sẹ́ẹ̀lì inú ọlẹ̀ ọ̀bọ. Ọlẹ̀, ìyẹn ọmọ tí kò tíì lójú, tí kò tíì nímú, nínú ìyá rẹ̀. Mo gbé e lọ tẹ̀ ní Computer Village. Ọmọbìnrin tó ń tẹ̀wé ní kọ̀ǹpútà òun ò mọ àmì ohùn.

“Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Ṣebí Yorùbá ni wọ́n? Wọ́n á mọ̀ ọ́n kà.”

Wọn ò mọ̀ ọ́n kà. Atọ́kùn gbé ìwé sójú, ó pariwo: “Lónìí, tíṣà wa fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí sẹ́ẹ̀lì ọ̀lẹ!”

Kí n tó la ẹnu, fóònù ti ń dún. Ìyá kan ni, láti Orẹ́gùn.

“Tíṣà, ó wà lára ọmọ mi! Ó ti jáde yunifásítì, orí àga ló wà. Ó ní òun lè di ohunkóhun.”

“Mà, ọlẹ̀ ni, kì í ṣe ọ̀lẹ. Òótọ́ ni pé sẹ́ẹ̀lì yìí lè di ohunkóhun: ọkàn, egungun, ojú…”

“Ojú nìkan ló ti dà, èyí tó fi ń wo bọ́ọ̀lù!”

Mo ṣàlàyé pé ipò méjì ló ní. Èyí àkọ́kọ́ kò tíì kọjú síbì kankan. Èyí kejì ti gbára dì. Kò tíì di nǹkan kan, àmọ́ ó ti ń fì síbì kan. Ti ọ̀bọ àti tèèyàn, èyí tó gbára dì ni wọ́n sábà máa ń rí nínú àwo ìwádìí. Èyí àkọ́kọ́ ṣòroó mú dúró bẹ́ẹ̀.

Bàbá kan pè láti Ìfàkọ̀. “Èyí tó gbára dì yẹn, Aláúsá ló kún sí. Wọ́n ti rán agbádá, wọn ò tíì mọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe.”

Atọ́kùn rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé láti sọ aago tó lù. Èmi ń ká ìwé mi. Ètò ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Ọ̀gá wọ́ mi jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo yára sọ fún un pé ọmọbìnrin tó bá mi tẹ̀wé ni kò fi àmì ohùn sí i.

“Tíṣà, ètò ti di tiyín! Látìgbà tí àwọn ṣọ́jà ti lọ, fóònù wa ò dún báyìí rí. Kí lẹ máa sọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?”

“Ẹ̀fọn ni, sà. Bó ṣe ń kó ibà ran èèyàn.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn náà ni kó tẹ̀ ẹ́ o. Ẹ má jẹ́ kó fi àmì kankan sí i.”

Lọ́sẹ̀ kejì, láti Agége dé Orẹ́gùn, wọ́n ń pè wá, wọ́n ń bèèrè irú nẹ́ẹ̀tì tó lè dá ẹfọ̀n dúró lójú fèrèsé, nítorí ẹran ńlá ni, ó sì ní ìwo.