Ìdáhùn Ìyá Bùsáyọ̀ Tí Mo Yí Padà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n tú ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ lónìí, torí ojú ń tì mí, ìtìjú náà kò sì jẹ́ kí n sùn dáadáa.

Ṣé ẹ mọ̀ pé mo padà sí yunifásítì? Ó ti lé lọ́dún mẹ́rìndínlógún tí mo ti ń gbẹ̀bí. Iléṣà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó gbé mi wá sí Òṣogbo. Nígbà tí mo wọlé fún Másítà, gbogbo Ọ̀fàtẹ̀dó tí mò ń gbé ló gbọ́! Ẹni tó bá ní kí ni mò ń ṣe, "Mò ń ṣe rìsáàṣì" ni mo fi ń dá a lóhùn.

Ohun tí mo fẹ́ wádìí ni ìdí tí àwọn aboyún kan fi ń wá ṣàyẹ̀wò lọ́dọ̀ wa, àmọ́ tí wọ́n á lọ bímọ sílé. Kí n má parọ́, ìdáhùn ti wà lọ́kàn mi kí n tó kúrò nílé. Wọn ò mọ̀wé, ọ̀nà jìn, ìyá ọkọ ò gbà. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ kí n lè kọ ọ́ ni.

Ìyá tó ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí mi kì í gba gbẹ̀rẹ́. Ó ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ wọ yunifọ́ọ̀mù lọ, pé kí n máa fi "ẹ" bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀, àgbà àti kékeré, kí n gba ohùn wọn sórí fóònù, kí n sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ láìbu iyọ̀ sí i.

Mo bá gba Iperindo lọ, nítòsí Iléṣà. Ẹni keje tí mo bá sọ̀rọ̀ ni Ìyá Bùsáyọ̀ (kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an nìyẹn). Ó ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé. Ọmọ mẹ́ta ló ní. Ọsibítù ní Iléṣà ló bí àkọ́bí sí, ilé ló bí méjì tó kù sí. Mo ní kí ló dé?

Kò gbójú sókè. Ó ní nígbà tí òun ń rọbí tí òun ń ké, nọ́ọ̀sì kan dúró síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì òun, ó ń jẹ ẹ̀pà. Nọ́ọ̀sì náà ní, "Nígbà tó ń dùn mọ́ ẹ, ṣé o ránṣẹ́ pè mí?" Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ òun wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́. Ó ní títí dòní ni ìyá náà ṣì ń fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe òun ní yẹ̀yẹ́.

Yéè! Èmi mà ni! Ta ló ń jẹ ẹ̀pà níbi ìgbẹ̀bí bí kò ṣe èmi? Sísítà Ẹlẹ́pà làwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń pè mí nígbà yẹn. Ẹnu àwọn tó kọ́ mi níṣẹ́ ni mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn. Wàláhì, n kò lè ka iye obìnrin tí mo ti sọ ọ́ fún, àwàdà ni mo sì pè é.

Ṣé mo wá bẹ̀ ẹ́? Rárá o! Mo wo ojú rẹ̀, ó dà bíi pé kò dá mi mọ̀, mo bá kí i pé ó ṣeun, mo fún un ní ọṣẹ tí mò ń pín fún àwọn tó bá dáhùn. Nígbà tí mo délé, mo kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù rẹ̀ pé ọ̀nà ló jìn. Ọ̀nà wo ló jìn fún obìnrin tó ń wá ṣàyẹ̀wò lóṣooṣù títí oyún fi gbó?

Àṣé ìyá wa ní yunifásítì máa fi ohùn orí fóònù wé ìwé tí mo kọ! Ó pè mí sí ọ́fíìsì, ó tẹ ohùn Ìyá Bùsáyọ̀ sétí mi, ó ní kí n fi ibi tó ti sọ pé ọ̀nà jìn han òun. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Kò pariwo. Ó ní kí n kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí ìwádìí náà, kí n sọ ohun tí mo ṣe, wọ́n sì lè ní kí n lọ sílé pátápátá. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, wọn ò tíì dá mi lóhùn.

Àmọ́ kí n tó kọ̀wé náà, Iperindo ni mo kọ́kọ́ padà sí. Mo kúnlẹ̀ sínú èèpo ẹ̀gẹ́. N kò tíì sọ̀rọ̀ tó fi ní, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ dìde. Mo ti mọ̀ yín látìgbà tí ẹ ti wọ ulé mi lọ́jọ́ yẹn. Mo fẹ́ wò ó bóyá ẹ máa kọ ọ́ ni."

Mo ní n kò kọ ọ́. Ó mi orí, ó sì ń bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ó ní kí n lọ kọ ọ́ wàyí.

Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ ẹnu wa. Ohun tí à ń fi ṣẹ̀rín nídìí bẹ́ẹ̀dì ló ń lé àwọn aboyún lọ, a wá ń fi ẹ̀sùn kan ọ̀nà.

Ẹ̀yin ìyá, kí ni wọ́n sọ sí yín nígbà tí ẹ ń rọbí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò ní yí i padà.