Ọmọ Tí Mo Rán Níṣẹ́ Ní Peckham

Kí n tó dé Peckham, mo rò pé òtútù ló máa lé mi padà sílé. Àwọn tó ti dé ìlú òyìnbó rí ló já mi láyà. Wọ́n ní etí ènìyàn lè já bọ́ lójú ọ̀nà, kó má mọ̀. Mo bá ra fìlà onírun méjì, mo dé méjèèjì léra nínú bàálù, mo sì ń làágùn bí ẹni tó ń dáná láti Èkó títí a fi balẹ̀. Irọ́ ni wọ́n pa fún mi. Òtútù ibẹ̀ kò ju ohun tí tíì gbígbóná lè bá wí. Àwọn ọmọ ènìyàn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi padà.

Iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ni mo bá lọ, fún ọdún kan. Ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì kan níbẹ̀ ló ránṣẹ́ sí bíṣọ́ọ̀bù wa pé àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sọ́hùn-ún ń sá fún ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n bá àwọn wá ẹni tí yóò máa bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹnu mi ni wọ́n wò tí wọ́n fi yàn mí, wọn ò wo ìwé tí mo kà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo fi díẹ̀ lé e, iṣẹ́ káfíńtà ni mo sì fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ń kó àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa jọ láti ìgbà tí irun orí mi ṣì pé. Wọ́n ṣe Mísà ìdúpẹ́ fún mi. Wọ́n pa ewúrẹ́. Àbúrò ìyá mi sunkún bí ẹni pé ojú ogun ni mò ń lọ. Ẹni tí wọ́n bá ti pa irú ewúrẹ́ bẹ́ẹ̀ torí ẹ̀, kò ní ojú tí yóò fi padà wálé kí ọdún tó pé. Ohun tó wà lọ́kàn mi lójoojúmọ́ ní Peckham nìyẹn: kí wọ́n ṣáà má dá mi padà.

Yàrá kan lókè gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fún mi. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àwọn ilé kánsù, èyí tí ìjọba ń yá aráàlú gbé, tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n wó àwọn ti àtijọ́. Ní àárọ̀, mo máa ń gbọ́ obìnrin kan tó ń pariwo níbẹ̀ pé, "Ṣé o ti fọ eyín ni? Bọ́ọ̀sì ń lọ o!" Ọkàn mi á balẹ̀ díẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún bá mi sọ Yorùbá títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Fáda tó ni ṣọ́ọ̀ṣì náà, bàbá arúgbó òyìnbó kan ni. Ohùn rẹ̀ kéré bí ohùn ẹni tó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ohunkóhun tí mo bá sọ, "Lovely" ni yóò fi dá mi lóhùn, ì báà ṣe pé mo ní inú ń run mí. Ẹni tó mú idà lọ́wọ́ gan-an ni màmá òyìnbó kan tó ń bójú tó ààbò àwọn ọmọdé. Safeguarding ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yẹn. Obìnrin gíga, tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí mo dé ló jókòó tì mí, ó ń ka òfin fún mi. Mi ò gbọdọ̀ wà pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo. Mi ò gbọdọ̀ ti ìlẹ̀kùn. Mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọ, mi ò gbọdọ̀ gba nọ́ńbà rẹ̀. "Yes, ma," ni mo ń sọ sí gbogbo rẹ̀. Ká sòótọ́, mi ò gbọ́ tó ìdajì, torí imú ló fi ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ èyí tó fi parí rẹ̀ ketekete: tí mo bá rú òfin, bàálù ló kàn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni àwọn ọ̀dọ́ máa ń wá. Mo ti fi pákó pa paramọ́lẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù mi rí, mi ò sá. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ yẹn wọlé, tí wọ́n fi fìlà ara ẹ̀wù bo orí, tí wọ́n wò mí láti bàtà títí dé ìpàkọ́, ẹ̀yìn tábìlì ni mo lọ dúró sí. Mo dá orin tí a máa ń kọ nílé. Mo pàtẹ́wọ́. Èmi ni mo dá a, èmi náà ni mo gbè é.

Ọmọkùnrin gíga kan yọ ohun tó fi ń gbọ́ orin kúrò ní etí ọ̀tún, ó fi ti òsì sílẹ̀. "Uncle, allow it, please."

Mo ní, "Allow kí ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn; àṣé "ẹ jáwọ́ ńbẹ̀" ni "allow it" lẹ́nu tiwọn. Láti ọjọ́ náà, tí wọ́n bá ti rí mi, "Allow kí ni" ni wọ́n fi ń kí mi. Ọmọ mìíràn bi mí bóyá iṣẹ́ tí mò ń ṣe gan-an nìyí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ṣé wọ́n ń sanwó fún mi? Mo ní rárá o, oúnjẹ àti ibùsùn ni. "So why are you here?" Kí n tó rí èsì, ó ti padà sórí fóònù rẹ̀.

Nínú gbogbo wọn, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló ń kí mi. Kò tíì dàgbà púpọ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ sẹ́kọ́ńdìrì ni. "Ẹ káalẹ́, Uncle," yóò sì tẹ eékún díẹ̀. Ohùn rẹ̀ dà bí ti òyìnbó tó ń ka Yorùbá lára ògiri, ṣùgbọ́n eékún yẹn tẹ̀, mo rí i. Mo di ìkíni yẹn mú bí ẹni tó ń rì sómi ṣe ń di koríko mú. Nílé wa, ọmọ tó bá ń kí ni báyẹn, ọmọ ẹni ni. A ó máa rán an níṣẹ́. Ọmọ tí àgbà kì í rán níṣẹ́ ládùúgbò, ẹ lọ wádìí, ìjà wà láàárín àgbà yẹn àti ìyá rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì kan, ní ìgbà tí ilẹ̀ wọn máa ń ṣú kí oúnjẹ ọ̀sán tó dà nínú ẹni, mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Ìpàdé tí kò sí nǹkan ẹnu níbẹ̀, ta ni yóò fẹ́ràn rẹ̀? Mo se ọbẹ̀ ẹyin pẹ̀lú sadíìnì. Búrẹ́dì ló kù, èmi ò sì fẹ́ èyí tó rọ̀ bí òwú tí wọ́n ń tà nítòsí. Mo pe ọmọbìnrin yẹn, mo ki owó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Lọ bá mi ra búrẹ́dì Àgége ní Rye Lane. Kí o fi ṣéńjì ra ohun tó bá wù ọ́."

Ojú rẹ̀ tàn. "Me? On my own?"

"Àbí kí n fi ọlọ́pàá tì ọ́ lẹ́yìn ni?"

Ó ti sáré jáde kí n tó pa ẹnu dé.

Ọmọkùnrin gíga yẹn yọ tọ̀tún-tòsì kúrò létí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i kó yọ méjèèjì nìyẹn. "Uncle. Ẹ rán an jáde? By herself?"

"Búrẹ́dì ni mo ní kó lọ rà. Mi ò ní kó lọ ra ìbọn."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. "You're finished, you know. Ẹ ò mọ mummy ẹ̀ ni?"

Gbogbo wọn gbójú sókè. Láti ìgbà tí mo ti dé, ọjọ́ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ fọkàn sí mi, ìparun mi ni wọ́n sì ń fọkàn sí.

Ìyá ọmọ náà kúkú ni ẹni tó kọ́kọ́ wọlé. Nọ́ọ̀sì ni, aṣọ iṣẹ́ ń yọ lábẹ́ kóòtù rẹ̀. "Ẹ káalẹ́, Uncle. Ọmọ mi dà?"

"Mo rán an níṣẹ́," ni mo wí, mo tún fi ẹ̀rín sí i. Ọlọ́run gbọ́, mo rò pé inú rẹ̀ yóò dùn pé mo rí ọmọ rẹ̀ rán láàárín ọ̀pọ̀.

"Ẹ rán an sí ibo?"

Mo sọ fún un. Ó di ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn mú.

"Nínú òkùnkùn yìí? Uncle, ṣé orí yín pé? Ọmọ kan ní block wa, chips ló ní òun ń lọ rà. Kò padà wálé! Ọ̀bẹ ni wọ́n fi gún un, ìyá ẹ̀ ò tíì jáde sílé títí di òní. Ẹ̀yin wá kó owó lé ọmọ tèmi lọ́wọ́, ẹ ní kó máa lọ!"

Bí ó ti fẹ́ sáré jáde ni ọmọ náà dé, ó gbá búrẹ́dì mọ́ àyà. Ó ní kò sí ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, òun wá rìn dé ẹ̀gbẹ́ ibùdó rélùwéè. Ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbá a lápá mú.

"Mum, it's just bread! Uncle trusted me!"

"Shut up. Wọnú mọ́tò." Ó yíjú sí mi. "Ṣé ọmọ ọ̀dọ̀ ni mo bí fún yín ni? Tí ẹ bá fẹ́ rán ọmọ níṣẹ́, ẹ máa lọ sí Nàìjíríà kí ẹ lọ rán tiyín." Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ọ̀wọ̀ tó kù já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "O máa padà síbi tí o ti wá ni. Mà á rí sí i."

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn Mísà, wọ́n pè mí sí pálọ̀ Fáda. Mo ti di ẹrù mi sílẹ̀, torí ojo kì í dúró de ẹjọ́. Fáda wà níbẹ̀, màmá safeguarding wà níbẹ̀, ìyá ọmọ náà jókòó sí etí àga. Wọ́n ní kí n sọ tẹnu mi. Gbogbo òyìnbó tí mo ti há sórí láti àárọ̀ fò lọ. Mi ò mọ̀gbà tí mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì, àyà kanlẹ̀, ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Màmá òyìnbó fò dìde. "Is he having a stroke?" Fáda ti ń wá òróró tí wọ́n máa ń ta sórí àwọn aláìsàn.

Ìyá ọmọ nìkan ló mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ láàárín eyín. "Uncle, ẹ dìde. Mo mọ ohun tí ẹ ń ṣe. Bàbá tó tó bí mi dọ̀bálẹ̀ fún mi, kí n wá ní mi ò gbà, kí wọ́n gbọ́ nílé wa. Ọgbọ́n àgbàyà lẹ fẹ́ fi mú mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi, Mummy."

"Ẹ má pè mí ní Mummy."

Kò parọ́ mọ́ mi. Ẹ̀bẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ọgbọ́n wà níbẹ̀ díẹ̀.

"What is he doing?" ni màmá òyìnbó bi í.

"He's apologising." Ó tún wò mí. "It's a big one."

"And do you accept it?"

Láti ibi tí mo wà, bàtà dúdú tó fi ń ṣiṣẹ́ nìkan ni mò ń rí. "I've heard him," ló sọ níkẹyìn. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tó ní òun ti gbọ́ kò tíì ní òun gbà.

Màmá òyìnbó dá ẹjọ́. Ó ní mi ò ní dá wà pẹ̀lú àwọn ọmọ mọ́. Tí a bá rí àgbàlagbà mìíràn tí yóò máa jókòó tì mí ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, kí n dúró. Tí a kò bá rí, kí n máa lọ. Fáda ní òun ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ ní àkókò yẹn. Màmá òyìnbó fúnra rẹ̀ ní ìjọ mìíràn tó ń bójú tó. Mo ti ń wo bí àbúrò ìyá mi yóò ṣe lanu sílẹ̀ nígbà tó bá rí mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Èmi máa jókòó," ni ìyá ọmọ wí.

Mo fẹ́ dúpẹ́. Ó na ọwọ́ dá mi dúró. "Ẹ má dúpẹ́. Ọmọ mi ti ní òun ò ní yé wá, mi ò sì lè so ó mọ́lẹ̀. Mo fẹ́ fi ojú ara mi máa ṣọ́ yín ni."

Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e, ó gbé àga sí ẹnu ọ̀nà, kò bọ́ kóòtù, ó ká apá mọ́ àyà. Àwọn ọmọ tó wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí ọmọkùnrin gíga yẹn ti lọ pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá wòran. Kí n tó ṣí Bíbélì ló ti nawọ́.

"Uncle, is it true ẹ sùn sílẹ̀ fún mummy ẹ̀? Like, flat?"

Mo wo ìyá ọmọ náà lẹ́nu ọ̀nà. Kò wò mí. "Òótọ́ ni. Bí ẹní."

"Why?"

"Ẹ̀rù ló bà mí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n dá mi padà sílé."

Wọ́n gbé fóònù kalẹ̀. Bóyá wọn ò gbọ́ ọ rí kí àgbà sọ pé ẹ̀rù ba òun.

"Ẹ sọ ìyókù fún wọn," ni obìnrin náà wí láti orí àga rẹ̀.

"Ìyókù wo?"

"Pé ọmọ mi ìbá ti kú."

Ọmọ rẹ̀ bo ojú. Èmi náà ìbá bo tèmi tí mo bá rí àyè. Mo dìde, mo jáde kúrò lẹ́yìn tábìlì, mo sì fi òyìnbó mi tó ń tiro sọ ọ́ fún wọn: pé mo rán ọmọ ọlọ́mọ jáde sínú òkùnkùn ìlú tí mi ò mọ̀, pé ó ṣeé ṣe kó má padà, pé búrẹ́dì lásán ni. Ohùn mi ń lọ sílẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́.

"Louder, Uncle," ni ìyá rẹ̀ wí. "Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́."