Ìyá Tó Ní Òun Á Pọ̀n Mí Gun Òkè

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Tìṣà ìṣirò ni mí, mi ò mọ àlọ́ pa. Ọ̀sán gangan lọ́jọ́ Sátidé ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ sí mi, lórí òkè kan lápá Ibefun.

Ilé-ìwé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ló ṣètò ìdíje náà. Gbogbo olùkọ́ á gun òkè, fóònù á máa ka ìṣísẹ̀ oníkálukú, ẹni tó bá dókè á fi iye tiẹ̀ ránṣẹ́ sórí wọ́ọ̀sáàpù. Wọ́n ní kí èmi jókòó sílé, torí orúnkún ọ̀tún tí mo fi ń tiro wọ kíláàsì láti bí ọdún mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú gan-an. Mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara mi débẹ̀, kí wọ́n yé fojú arúgbó wò mí.

Kí n má parọ́, a ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí wọ́n ti fi mí sílẹ̀. Nígbà tí mo dé ìdajì, mo jókòó sórí àpáta, omijé ń bọ̀ lójú mi.

Màmá àgbàlagbà kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọ̀já ìpọnmọ wà léjìká wọn, àmọ́ wọn ò gbé ọmọ kankan. Mo kí wọn, mo ní kí wọ́n má bínú, orúnkún ni ò jẹ́ kí n kúnlẹ̀.

"Ṣé kí n pọ̀n ọ́?" Ohùn wọn ò ju ti atẹ́gùn lọ.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, màmá tí ò ju egungun lọ! Bí àgbà bá sì dá àpárá, ọmọ tó gbọ́n á fèsì. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ẹ pọ̀n mí o, màmá. Ẹ má sì jẹ́ kí n já bọ́."

Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kàn tú ọ̀já náà.

Ẹ gbà mí gbọ́, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn mí. Mo kàn rí i pé nǹkan fún mi lẹ́yìn pinpin, ara mi móoru, oorun sì fẹ́ gbé mi lọ. Nígbà tí mo máa lajú, mo ti wà lókè láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Mi ò tiẹ̀ mí hẹlẹ.

Kẹ́mi, tìṣà eré ìdárayá, gba fóònù mi wò. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Anti, ìdajì ọ̀nà ni iye ìṣísẹ̀ yín ti dúró."

"Màmá tá a jọ ń bọ̀ ńkọ́?"

"Màmá wo? Ẹ̀yin nìkan la rí."

Èmi kì í rí nǹkan kí n má tú u wò. Mo gbé fóònù náà fún Kẹ́mi, ó rìn yí pápá ilé-ìwé ká, ó ka tiẹ̀ pé. Mo gbà á padà, mo rìn dé ọjà: òdo. Mo ra fóònù mìíràn: òdo. Mo padà lọ bi àwọn àgbẹ̀ Ibefun, wọ́n ní àwọn ò mọ irú màmá bẹ́ẹ̀. Títí di àárọ̀ yìí, òdo ni, bíi pé mo ṣì wà lẹ́yìn màmá náà.

Orúnkún ò sì dùn mí mọ́ rárá. Inú mi ń dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Bí ẹ bá ń gun òkè, tí àgbà tí ẹ ò mọ̀ rí bá ní òun á pọ̀n yín, ẹ dúpẹ́, kẹ́ ẹ máa wọ́ ẹsẹ̀ yín lọ. Ó yẹ kí n ti bẹ màmá náà pé kí wọ́n sọ̀ mí kalẹ̀. Àmọ́ mi ò mọ ibi tí wọ́n máa sọ̀ mí sí.