Oúnjẹ Àwọn Kòkòrò Inú Mi

Kò sí ohun tó ń rí mi lára tó kòkòrò nínú nǹkan jíjẹ. Bí mo bá rí ẹyọ kan ṣoṣo nínú ẹ̀wà, odindi ìkòkò ni mo máa dà nù. Ẹ wá wo irú èmi yìí níwájú dókítà ní Gwarinpa, tó ń sọ fún mi pé àìmọye kòkòrò tín-tìn-tín ló ń gbé inú ìfun mi, àti pé ebi ló ń pa wọ́n.

Súgà ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ti ga nínú ẹ̀jẹ̀ mi, mi ò sì lè fi í ṣeré, nítorí àtọ̀gbẹ ló mú kí wọ́n gé ẹsẹ̀ òsì bàbá mi kó tó kú. Dókítà ní oògùn nìkan kò tó. Ó ní búrẹ́dì funfun tí mò ń jẹ ní ọ́fíìsì kì í ṣẹ́ kù dé ọ̀dọ̀ àwọn kòkòrò yẹn. Èèpo ẹ̀wà, ewé àti èèrí ọkà ni wọ́n fẹ́. Bí wọ́n bá yó, wọ́n á máa ṣe ohun tó ń ran ara lọ́wọ́ láti kápá súgà. Mo ń mi orí, itọ́ ń kún mi lẹ́nu bí ẹni tó fẹ́ bì.

Mo délé, mo rò ó fún ìyá mi, tó ti Kogi wá ń gbé lọ́dọ̀ wa. Kòkòrò nìkan ló gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀.

"Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà," ló wí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé àgbo kan fún mi tó korò bíi jogbo. Mi ò jiyàn. Èmi náà fẹ́ kí wọ́n kú. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń sáré lọ sílé ìgbẹ́, òórùn ara mi sì sú mi.

Nígbà tí èmi àti ìyá mi padà lọ, tí mo sì ròyìn àgbo náà, dókítà fọwọ́ bojú.

"Mama, ẹran ọ̀sìn rẹ̀ ni wọ́n. Mo ní kó bọ́ wọn ni, mi ò ní kó pa wọ́n."

"Kí ni wọ́n ń jẹ?"

"Èèrí ògì gan-an á dára."

Ìyá mi yà sọ́jà, ó ra àgbàdo kí a tó délé.

Láti ìgbà náà, kò sẹ́ ògì mi mọ́. Bó ṣe lọ̀ ọ́ ló ń sè é, tèèrítèèrí, láìsí súgà. Ó ń kan, ó ń ha mí lọ́fun, orúkọ èèrí pàápàá kò sì jìnnà sí èérí létí mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ti abọ́ náà sẹ́yìn.

"Màámi, oúnjẹ ewúrẹ́ lẹ̀ ń fún mi yìí."

Ó jókòó tì mí.

"Mo mọ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi wà nílé bàbá rẹ, ògì tó kúnná ni mo ń sẹ́ fún un, mo ń da súgà sí i. Àwọn ewúrẹ́ mi ni mo ń da èèrí fún." Ó gbé abọ́ náà padà síwájú mi. "Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló pé lára gbogbo wọn."

Ó ṣì ń rí mi lára. Mo mú ṣíbí, mo jẹ ẹ́ tán.