Ohun Tí Sep Gbé Wọ Oko

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kìn-ín-ní, Sep Hindmarsh ti fọ́ọ̀kì ìkọlẹ̀ bọ abẹ́ líìkì kan, ẹ̀fọ́ gígùn tó jọ àlùbọ́sà, ó sì gbé e sókè. Ilẹ̀ ti dì gbagidi, Sep sì ti múra ìjà sílẹ̀, àfi bí líìkì náà ṣe yọ wọ́ọ́rọ́. Kò ní gbòǹgbò mọ́. Ìdí rẹ̀ ti rọ̀, ohun funfun kan bí òwú ti bò ó, àwọn kóró dúdú tíntìntín sì wà káàkiri inú òwú náà. Ó fa ìkejì, ó fa ìkẹta, bákan náà ni wọ́n rí. Ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin náà jókòó sórí yìnyín nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

Kò sí ẹni tó gbin líìkì tàbí àlùbọ́sà rí lágbègbè ibẹ̀ tí kò mọ orúkọ ohun tó rí yẹn. Ìjẹrà funfun ni. Kò ní oògùn. Tó bá ti wọ inú ilẹ̀, ogún ọdún ló fi ń sùn síbẹ̀ tí yóò máa retí líìkì tàbí àlùbọ́sà mìíràn, erùpẹ̀ tó kún ṣíbí sì ti tó láti gbé e dé oko ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oko tirẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù jù. Oko mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà lẹ́yìn ojú irin àtijọ́ yẹn tí ìjọba ìbílẹ̀ fi ń háyà fún àwọn ará àdúgbò, líìkì yìí kan náà ló sì wà nínú gbogbo wọn. Òun Sep ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ pín in.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, Sep kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń wá tẹ́lẹ̀. Ogójì ọdún ló ti ń dáko níbẹ̀, láti ìgbà tó ṣì ń wa èédú lábẹ́ ilẹ̀, ṣùgbọ́n Nora ìyàwó rẹ̀ ló máa ń bá aráyé sọ̀rọ̀ fún àwọn méjèèjì. Nígbà tí Nora kú, tí kò sì sí ọmọ, Sep lè lo odindi ọ̀sẹ̀ kan kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ rẹ̀. Á wá sóko, á gbé ìka kan sókè kí èèyàn, á gé kábéèjì, á wú kárọ́ọ̀tì, á padà sílé lọ se ìkòkò ọbẹ̀ kan tí òun nìkan yóò máa mu fún ọjọ́ mẹ́rin. Bó ṣe ń gbé ayé rẹ̀ nìyẹn, kò sì rò pé ó tún lè yí padà.

Líìkì ló yí i padà. Matty ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń gbé lódìkejì odò, ló ni ín. Líìkì Matty nípọn tó ọwọ́ géńdé, ife-ẹ̀yẹ mọ́kànlá ló sì ti gbà wálé. Àwọn ọkùnrin ilẹ̀ yìí, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Wọ́n lè gbàgbé ọjọ́ ìbí ìyàwó wọn, ṣùgbọ́n tí ìdíje líìkì bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, inú ahéré ni wọ́n ń sùn, kí ọ̀tá má baà wá fi ọ̀bẹ dá ọgbẹ́ sí i lára. Matty ò fún ẹnikẹ́ni ní ẹyọ kan rí, títí kan àbúrò rẹ̀ pàápàá. Lórí ibùsùn àìsàn tó pa á, ó di Sep lọ́wọ́ mú.

“Sep, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kó líìkì kúrò lóko mi o. Kí wọ́n jẹrà síbẹ̀.”

Sep bú sẹ́rìn-ín. “Ahun ni yín, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ti fẹ́ kú, ẹ ò tíì yé ṣahun!”

Matty ò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí ògiri. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sin ín. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Sep ti bárò rẹ̀ kọjá lórí afárá, ó hú líìkì méje tó ṣẹ́kù lóko ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú erùpẹ̀ ìdí wọn, kí wọ́n má baà rọ lójú ọ̀nà. Ìfẹ́ ló mú un ṣe é. Kò fẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ Matty parun.

Ó gbìn wọ́n sóko tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n so, tí àwọn ọmọ kéékèèké tó ṣeé gbìn yọ lórí wọn, Sep bu erùpẹ̀ oko rẹ̀ kún àwọn àpótí pẹlẹbẹ, ó gbin àwọn ọmọ náà sínú wọn, ó sì gbé wọn káàkiri, méjìlá fún oko kọ̀ọ̀kan. Ọdún kejì, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnu ya gbogbo èèyàn. Líìkì Matty Hindmarsh, lọ́fẹ̀ẹ́! Àwọn tó ti ń wò ó gẹ́gẹ́ bí igi ọgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ké “Sep! Sep!” láti òpin ọ̀nà. Wọ́n ń pè é wá mu tíì. Ena Purvis, opó tí oko rẹ̀ kángun sí tirẹ̀, gbé àga kejì sínú ahéré rẹ̀, ó ní ti Sep ni. Ní ọdún méjì yẹn, inú Sep dùn ju bó ṣe dùn láti ìgbà tí Nora ti kú.

Orí yìnyín níbẹ̀ ló ti wá yé e. Matty ò lọ sí ìdíje kankan ní ọdún méjì tó kẹ́yìn ayé rẹ̀, ó ní ẹ̀yìn ló ń dun òun. Irọ́ ni. Oko rẹ̀ ló ti kú. Kì í ṣe ahun ló ń ṣe lórí ibùsùn yẹn, ìkìlọ̀ ni, ṣùgbọ́n ojú ti ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ mọ́kànlá láti la ẹnu sọ pé ilẹ̀ òun ti bàjẹ́. Ìbá ti sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo péré! Sep bínú sí òkú, lẹ́yìn náà ó bínú sí ara rẹ̀, kò sì sí èyí tó ràn án lọ́wọ́.

Ó kó mẹ́ta tó wú lọ sílé. Ó gé ibi tó jẹrà sọnù, ó rẹ́ ibi tó dára wẹ́wẹ́, ó dà á sórí egungun ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tó ti ń hó láti àárọ̀ pẹ̀lú ọkà báálì àti kárọ́ọ̀tì. Ọbẹ̀ náà ta sánsán bó ṣe máa ń ta. Kò sí ohun tí àrùn yẹn ń ṣe fún èèyàn tó bá jẹ ẹ́, ilẹ̀ nìkan ló ń pa. Síbẹ̀, nígbà tó fi ṣíbí kan sẹ́nu, kò lè gbé e mì. Ó tu ú síbi tó ti ń fọ àwo, ó sì da gbogbo ìkòkò náà nù.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, Ena ń dúró dè é lẹ́nu ọgbà.

“Sep, wá wo líìkì rẹ níbí. Ewé ẹ̀ ń pọ́n. Ṣé o ti ṣépè fún un ni?”

Sep wò ó. Ewé mẹ́rin ti pọ́n, wọ́n ti dà sílẹ̀. Kò nílò kó fà á kó tó mọ̀.

“Òtútù ni,” ó ní.

“Òtútù? Líìkì tí ò bẹ̀rù òtútù látijọ́?”

“Òtútù tọdún yìí le.”

“Ó dáa, bàbá onílíìkì. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n.” Ena rẹ́rìn-ín, ó gbá a léjìká. “Tí kò bá ṣáà ti kan àlùbọ́sà mi, kò sí wàhálà. O mọ̀ pé ebè àlùbọ́sà tó wà lẹ́bàá ahéré yẹn, Jos ọkọ mi ló kọ́kọ́ dá a. Mi ò gbin nǹkan mìíràn síbẹ̀ rí.”

Sep ní òun mọ̀. Ó lọ tilẹ̀kùn ahéré tirẹ̀ mọ́ra, ó sì jókòó sínú òkùnkùn, ojú ń tì í débi pé kò lè tan iná. Ọ̀rọ̀ méjì péré, ìjẹrà funfun, ló fi pa mọ́ fún Ena, bí Matty ṣe fi í pa mọ́ fún òun. Tó bá dákẹ́, wọn ò ní mọ ibi tó ti wá, wọn á máa pe orúkọ rẹ̀ lọ. Wọn á sì tún gbin líìkì lọ́dún tó ń bọ̀, wọn á máa fi ṣọ́bìrì kó erùpẹ̀ láti ebè dé ebè, títí kò fi ní ku ebè kan tó mọ́. Tó bá sọ̀rọ̀, ó mọ ohun tó máa pàdánù. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń bá ara rẹ̀ fà á.

Sátidé yẹn ni ọjọ́ ọbẹ̀ àpapọ̀. Lọ́dọọdún, gbogbo olóko ń mú nǹkan kan wá láti oko rẹ̀, wọ́n á kó o sínú ìkòkò ńlá kan nínú gbọ̀ngán onípákó tó wà lẹ́nu géètì, wọ́n á sì jọ mu ún. Pọ̀tétò, kárọ́ọ̀tì, kábéèjì, gbogbo rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Sep nìkan ló wá lọ́wọ́ òfo. Dougie Tait, akọ̀wé wọn, gun orí àpótí.

“Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ẹ tó da ọbẹ̀ sára aṣọ, ẹ jẹ́ ká kí ọkùnrin tó ń bọ́ wa ní líìkì!”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan súfèé. Sep dìde, ó sì rò ó fún wọn, láìfi ọ̀kan pamọ́: bárò, erùpẹ̀, àwọn àpótí, ohun tí Matty sọ. Ohùn rẹ̀ ò ròkè, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló gbọ́.

“Àpárá lo ń dá,” ni Dougie wí.

“Ẹ lọ fa tiyín wò.”

Shona, nọ́ọ̀sì kan tó dúró ọdún mẹ́fà kó tó kàn án láti gba oko, gbé àwo rẹ̀ sílẹ̀. “Ọdún mélòó ni, Bàbá Sep?”

“Ogún.”

Wọ́n ń ṣírò ọjọ́ orí wọn, Sep sì rí i lójú wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní gbin àlùbọ́sà mọ́ láyé. Ena nìkan ló ń wò ó tààrà.

“Lọ́jọ́ Ọjọ́rú,” ó ní, “mo bi ọ́. O ní òtútù ni.”

“Ena, mo—”

“O wò mí lójú, Sep. O ní òtútù ni.”

Ọbẹ̀ náà tutù sínú ìkòkò. Ẹnikẹ́ni ò bu ún mọ́.

Sep bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun fọwọ́ ara òun wú gbogbo rẹ̀, kí òun sì dáná sun ún. Wọ́n gbà. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi lọ láti oko dé oko pẹ̀lú àpò ike, nínú òjò dídì, tó ń wú líìkì Matty. Kò sẹ́ni tó bú u. Wọ́n á ní “Ẹ kúuṣẹ́ o,” wọ́n á sì wọ inú ahéré wọn, wọ́n á tilẹ̀kùn. Ì bá wù ú kí ẹnì kan gbá a létí. Èébú á tiẹ̀ ní òpin, ṣùgbọ́n ìwà pẹ̀lẹ́ yìí, kò mọ ibi tó máa parí sí. Ó ti kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ pé òun fẹ́ dá oko òun padà.

Oko Ena ló ṣe kẹ́yìn. Nígbà tó so ẹnu àpò náà tán, Ena jáde, ó dúró lẹ́nu ahéré.

“Ena, jọ̀ọ́, má bínú.”

“Mi ò bínú mọ́.” Ó wo àpò ike náà. “Mo ti dárí jì ẹ́, Sep. Kì í ṣe pé o mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Òtútù ti gbá ọ mú, mo ní ọbẹ̀ lórí iná.”

Ara Sep fúyẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó gbé àpò náà sílẹ̀, ó gba ẹ̀bá ebè àlùbọ́sà lọ síbi tí àga rẹ̀ wà.

“Dúró síbẹ̀ o!” Ena ti na ọwọ́ méjèèjì. “Padà. Gba ọ̀nà tó o gbà wọlé jáde, kó o dúró lẹ́yìn ọgbà. Erùpẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ bàtà rẹ, ebè Jos yìí nìkan ló mọ́ tó kù fún mi.”

Sep padà. Ó dúró lójú ọ̀nà. Ena gbé ọbẹ̀ náà wá nínú kọ́ọ̀pù, ó nà án sí i lókè ọgbà, ó di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú kí ìka àwọn méjèèjì má baà kan ara wọn.

“Kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì ni,” ó ní. “Mi ò fi líìkì sí i.”

“O ṣeun, Ena.”

“Tó o bá mu ún tán, máa mú kọ́ọ̀pù náà lọ. Má wulẹ̀ dá a padà.”

Sep mu ọbẹ̀ náà tán ní ìdúró, ó sì gbé kọ́ọ̀pù náà lọ sílé.